Òkùnkùn inú páálí: ohun tí mo rí kọ́ nídìí kíkọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìmọ́lẹ̀

Òkùnkùn ló máa ń wọ́n wa nígbà tí a bá ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìmọ́lẹ̀. Púpọ̀ nínú kíláàsì wa, ní Àkúrẹ́ o, ní Òǹdó o, fèrèsé wọn gbòòrò, kò sí kọ́tìnì, àlàfo sì wà láàárín ògiri àti páànù. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀, tíṣà á gbé tọ́ọ̀ṣì sókè níwájú ọgọ́ta ọmọ, á ní kí wọ́n wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn tààrà. Ẹnikẹ́ni kò ní rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ṣí ìwé wọn wò, ẹ ó bá a níbẹ̀ pé "a rí i pé ìmọ́lẹ̀ ń rìn tààrà", nítorí ohun tó wà lójú pátákó nìyẹn. Irọ́ ni, àwa la sì fi kọ́ wọn.

Mo ti jáwọ́ nínú fífi aṣọ bo fèrèsé. Ooru á mú, ariwo á sọ, aṣọ á sì já nígbà tí nǹkan bá fẹ́ dùn. Ohun tó rọrùn ni kí òkùnkùn wà nínú páálí, kí ọmọ wá fi ojú bá a níbẹ̀.

Páálí tó dára jù ni èyí tí bébà A4 máa ń wà nínú rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onífọ́tòkọ́pì, nítorí ó ní ìdérí tó ń wọ̀ ọ́ lórí bíi fìlà. Páálí Indomie náà ṣeé lò, àmọ́ ìdérí rẹ̀ máa ń là láàárín, ìmọ́lẹ̀ á sì gba ibẹ̀ yọ́ wọlé. Ẹ kun inú rẹ̀ ní dúdú. Èédú tí a gún kúnná, tí a pò mọ́ sítáàṣì gbígbóná, dára ju ọ̀dà dúdú lọ, torí pé kì í dán. Dídán ni ọ̀tá wa níbí, nítorí pé ọ̀dà tó ń dán á máa ta ìmọ́lẹ̀ káàkiri inú páálí. Ní ẹ̀gbẹ́ tó kúrú, ẹ gé ojú ìwòran kan, sẹ̀ǹtímítà 10 ní gígùn, 2 ní ìbú. Ní ẹ̀gbẹ́ tó gùn, ẹ gé ihò tọ́ọ̀ṣì, mìlímítà 3 ní ìbú, sẹ̀ǹtímítà 5 ní òró, kí ẹ sì fi páálí pélébé ṣe ìlẹ̀kùn fún un. Ẹ má jẹ́ kí ihò méjèèjì kọjú síra, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ inú tọ́ọ̀ṣì ni ọmọ á máa wò. Igun páálí ni ìmọ́lẹ̀ ti máa ń jò wọlé. Sẹ́lótéèpù dí i dáadáa. Ẹ̀bà náà ń dí i, títí èkúté á fi rí i.

Páálí kan tó ọmọ mẹ́fà. Ọgọ́ta ọmọ, páálí mẹ́wàá. Tí ẹ bá ní kí mẹ́wàá mẹ́wàá lo ẹyọ kan, mẹ́rin á ṣiṣẹ́, mẹ́fà á máa tì ara wọn.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò la tọ́ọ̀ṣì lọ rárá. Ẹ gbé ọsàn kan sínú páálí, ẹ dé e, ẹ ti ìlẹ̀kùn ihò. Kí ẹnikẹ́ni tó wo inú rẹ̀, kí olúkúlùkù kọ ohun tó rò pé òun máa rí. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn á kọ pé kò ní hàn dáadáa lákọ̀ọ́kọ́, ṣùgbọ́n tí ojú bá ti mọ́ òkùnkùn lára, ọsàn á hàn. Wọn kò gọ̀. Òkùnkùn tí wọ́n mọ̀ nílé, nígbà tí NEPA bá mú iná lọ, kì í ṣe òkùnkùn tòótọ́: iná jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wà níbẹ̀, fóònù wà níbẹ̀, ìràwọ̀ náà wà lókè. Ẹ jẹ́ kí ojú kan wà ní ihò ìwòran fún ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko, kí ọmọ fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀. Tí páálí náà bá dí dáadáa, kò ní rí nǹkan kan. Kí ẹlòmíràn wá ṣí ìlẹ̀kùn ihò tọ́ọ̀ṣì díẹ̀. Ọsàn á yọ lójijì. Ìgbà náà ni ẹ tó lè sọ fún wọn pé ojú kì í rán nǹkan kan jáde lọ bá ọsàn, ìmọ́lẹ̀ ló ń ti ara ọsàn wọ inú ojú. Ọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Basra ní ilẹ̀ Ìráàkì ní nǹkan bí ọdún 965, Ibn al-Haytham, ló fi ìdí èyí múlẹ̀ nínú ìwé tó kọ nígbà tó ń gbé Káírò, ó sì lo yàrá dúdú tó ní ihò kékeré láti fi hàn án. Ẹgbẹ̀rún ọdún rèé, iṣẹ́ kan náà ni páálí wa ń ṣe.

Tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n rí ìtànṣán fúnra rẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ihò tẹ́ẹ́rẹ́ náà, kí ẹ sì gbọn dọ́sítà pátákó lẹ́ẹ̀kan sínú páálí. Eruku ṣọ́ọ̀kì ló ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ hàn láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà tó. Tí ẹ bá gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, ìkùukùu nìkan ni ẹ ó rí.

Ẹ wá gbójú sókè. Páànù ilé ẹ̀kọ́ tó ti pẹ́ kì í ṣaláìní ihò ìṣó. Wàhálà ni nígbà òjò, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun èlò kankan tó dára tó o fún ẹ̀kọ́ yìí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí oòrùn bá gba ihò náà wọlé, àmì ìmọ́lẹ̀ roboto kan á wà lórí ilẹ̀. Ihò ìṣó náà kì í ṣe roboto; ó ya, ó wọ́, ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Kí ló dé tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi rí roboto? Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ gé ihò onígun mẹ́ta, mìlímítà 4 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, sára páálí pélébé kan, kí ọmọ kan gbé e síta sínú oòrùn. Kí ẹlòmíràn gbé bébà funfun sẹ́yìn rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5: igun mẹ́ta ni yóò rí. Kí ó máa fi ẹ̀yìn rìn títí yóò fi dé mítà 3, kí bébà náà ṣì wà nínú òjìji páálí. Igun mẹ́ta á ti di roboto, nítorí àwòrán oòrùn ni, kì í ṣe àwòrán ihò. Ìdí nìyẹn tí abẹ́ igi máńgòrò àti inú oko kòkó fi máa ń kún fún àmì roboto lọ́sàn-án. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2006, tí òṣùpá bo oòrùn lójú wa, bí ẹ̀já òṣùpá ni gbogbo àmì náà rí lábẹ́ igi.

Lára àmì orí ilẹ̀ yẹn ni a ti lè wọn oòrùn. Ẹ fi okùn wọn ọ̀nà tó wà láàárín ihò páànù àti àmì náà. Ẹ gbé páálí funfun sí ojú àmì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kọjú sí oòrùn tààrà, nítorí pé lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ àmì náà máa ń gùn bí ẹyin. Ẹ wọn ìbú rẹ̀, kí ẹ yọ ìbú ihò ìṣó kúrò nínú rẹ̀. Tí okùn bá jẹ́ mítà 4, ohun tó kù á wà ní nǹkan bíi mìlímítà 37. Ẹ pín 37 sí ọ̀nà 4,000, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mílíọ̀nù 150, ìyẹn kìlómítà tó wà láàárín ayé àti oòrùn. Iye tí yóò jáde sún mọ́ mílíọ̀nù kan àti 390,000 kìlómítà, bí oòrùn ṣe fẹ̀ tó gan-an. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé ọmọ á fi sẹ̀ǹtímítà wọn àmì, á fi mítà wọn okùn, á pín in bẹ́ẹ̀, oòrùn á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ tó ọ̀nà tó wà láàárín òun àti ayé. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí etí àmì náà ká, kí ẹ sì dúró. Láàárín ìṣẹ́jú méjì, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò pátápátá nínú àmì ṣọ́ọ̀kì. Ayé tó ń yí ni wọ́n ń wò yẹn.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wo oòrùn láti inú ihò náà. Mo máa ń sọ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, mo tún máa ń sọ ọ́ láàárín iṣẹ́, nítorí pé ọmọ kan á ṣáà fẹ́ dánra wò.

Fún dígí, òòyà ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, òòyà oníke lásán. Láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án àárọ̀, nígbà tí oòrùn ṣì rẹlẹ̀, ẹ tẹ́ bébà funfun sórí ilẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, kí ẹ gbé òòyà dúró ní etí rẹ̀, kí eyín rẹ̀ wà lóròó. Ìlà ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ á tò sórí bébà. Ẹ gbé dígí kékeré dúró lójú ọ̀nà wọn: gbogbo ìlà náà á yà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ọmọ ogun. Ẹ gbé dígí kúrò, kí ẹ gbé gíláàsì omi tó rí gbọọrọ síbẹ̀: àwọn ìlà á pàdé lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n tó tún tú ká. Gíláàsì tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7 á kó àwọn ìlà àárín jọ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 àti ààbọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí kò nílò òkùnkùn, kò nílò bátìrì. Tí aago mẹ́wàá bá kọjá, oòrùn ti ga jù, ìlà á kúrú, á sì rú. Ẹ má sì gbàgbé gíláàsì omi náà sórí bébà nínú oòrùn nígbà tí ẹ bá lọ mu omi.

Lẹ́yìn òòyà ni kí wọ́n tó fi protractor wọn igun. Ibi méjì ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Ọ̀kan, láti ojú dígí ni ọmọ á ti wọn igun dípò ìlà òró, ìyẹn ìlà tó dúró ṣánṣán sí ojú dígí. Ó yẹ kí ó kọ 30, á kọ 60. Èyí rọrùn láti rí. Èkejì ló máa ń bojú: ojú tó ń ta ìmọ́lẹ̀ padà lára dígí tí wọ́n ń tà lọ́jà wà ní ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n kun ọ̀dà sí, gíláàsì tó wà níwájú rẹ̀ sì nípọn tó mìlímítà 3. Tí ọmọ bá fi iwájú dígí sórí ìlà tó fà, igun méjèèjì kò ní dọ́gba, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àtúnṣe èké kí ó lè dọ́gba. Ẹ̀yìn dígí ni kó wà lórí ìlà. Mo ti wá gbà pé ọmọ tó kọ 40 àti 42 ṣiṣẹ́. Èyí tó kọ 40 àti 40 ní gbogbo ìgbà ni mo máa ń béèrè ìwé rẹ̀.

Tí ẹ bá fi sẹ́lótéèpù so dígí méjì pọ̀ lẹ́yìn bí ìwé tó ṣí, kí ẹ gbé ìdérí bíró sáàárín, ẹ jẹ́ kí wọ́n ka àwòrán: mẹ́ta ní igun 90, márùn-ún ní 60, méje ní 45. Wọ́n á fúnra wọn rí i pé ẹ fi igun pín 360, ẹ sì yọ ọ̀kan. Ẹ fi àtè tàbí sẹ́lótéèpù bo etí dígí kí ó tó dé ọwọ́ ọmọ.

Omi wá kàn. Ìdérí ìgò mínírà ni mo ń lò, nítorí kọ́bọ̀ ti di ohun tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀. Ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀ abọ́ tánganran, kí ẹ fi ṣingọ́ọ̀mù tàbí amọ̀ díẹ̀ lẹ̀ ẹ́, torí omi á tì í, wọ́n á sì sọ pé ìdérí ló rìn. Kí ọmọ gbé àgbọ̀n lé etí tábìlì, kí ẹlòmíràn máa fa abọ́ náà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ìdérí á fi wọ òkùnkùn etí abọ́. Àgbọ̀n yẹn kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ mọ́. Bí orí bá gòkè díẹ̀, iṣẹ́ náà ti bàjẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀. Ẹ rọra da omi gba ara abọ́. Ìdérí á dìde wá sójú wọn. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ti inú omi jáde sínú afẹ́fẹ́ ló yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, ojú sì rò pé ó tọ̀nà wá.

Ẹ bá wọn ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú: omi tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 12 á dà bí 9 lójú ẹni tó ń wò ó láti òkè gangan. Apẹja tó ń fi ọ̀kọ̀ gún ẹja ní Ìlàjẹ mọ̀ pé abẹ́ ibi tí ẹja wà lójú ni òun á gún. Ọmọ tó fẹ́ bọ́ sódò Ọwẹnà pé kò jìn ni kò mọ̀, ibí sì ni ẹ̀kọ́ yìí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ìdánwò.

Omi kan náà lè dè ìmọ́lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ mú ike omi lítà kan àti ààbọ̀, ẹ fi ìṣó tí ẹ yá níná lu ihò mìlímítà 5 sí i ní sẹ̀ǹtímítà 4 láti ìsàlẹ̀. Ìṣó tútù máa ń fa ike ya, omi á sì máa tú wùrùwùrù jáde; omi tó ń tú kò lè gbé ìmọ́lẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ máa ṣàn bí ọ̀pá gíláàsì. Ẹ fi bébà dúdú wé ike náà, ẹ ṣí ojú kan péré sílẹ̀ ní òdìkejì ihò fún iná fóònù. Ẹ tú ìdérí ike, omi á ṣàn wálẹ̀ sínú bọ́kẹ̀ẹ́tì, kí ọmọ fi àtẹ́lẹwọ́ gbà á: ìmọ́lẹ̀ á yí tẹ̀lé omi wá sí ọwọ́ rẹ̀. Ibí yìí nìkan ni mo ti ń gbà kí a wá yàrá tó ṣókùnkùn, ibi ìkó-ìwé-sí tàbí lábẹ́ àtẹ̀gùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kọlu ojú omi láti inú ní igun tó ju 48 àti ààbọ̀ lọ láti ìlà òró, kì í jáde, yóò ta padà sínú ni. Nígbà tí omi inú ike bá ti lọ sílẹ̀, odò kékeré náà á tẹ̀ jù, ìmọ́lẹ̀ á sì máa jò jáde. Àwọn wáyà fáíbà tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ sin sí ẹ̀bá títì kiri Àkúrẹ́ ń fi ọgbọ́n yìí gbé íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má lo lésà olówó pọ́ọ́kú tí àwọn ọmọ ń rà lọ́jà. Kò sí ẹni tó mọ agbára rẹ̀, ojú kò sì ní sípéà.

Tí omi bá ṣẹ́ kù, ẹ kán mílíìkì olómi sínú gíláàsì gígùn kan, ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta fún lítà kan. Ẹ tan iná fóònù sí i láti ẹ̀gbẹ́ kan. Láti ẹ̀gbẹ́, omi náà á ní àwọ̀ sánmà díẹ̀. Láti iwájú, iná náà á pọ́n bí oòrùn alẹ́. Ẹ̀kán mẹ́wàá á ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ohun kan náà ló ń jẹ́ kí òkè Ìdànrè dà bí aró láti òkèèrè, àfi nígbà ọyẹ́, tí eruku tó tóbi jù bá ti gba ojú sánmà.

Fún òṣùmàrè, ẹ gbé dígí sínú abọ́ omi, kí ẹ fi òkúta tì í lẹ́yìn kí ó dagun, kí oòrùn àárọ̀ kọlu apá tó wà nínú omi, kí ó sì ta sí ògiri tó ní òjìji. Ẹ dúró kí omi parọ́rọ́. Ọmọ tó bá fọwọ́ kan tábìlì ti da òṣùmàrè nù. Ẹ má kọ́kọ́ sọ pé méje ni. Newton ló pín in sí méje, ojú ọmọ kì í sábà rí ju márùn-ún lọ. Àwọn mìíràn á pe pupa àti àwọ̀ ìyeyè ní pupa kan náà, bí àgbà ilé wọn ṣe ń pè é, mi ò sì í gé máàkì nítorí ìyẹn. Èyí tó ń yà mí lẹ́nu ni aró. Ọmọ tó rí ìyá àgbà rẹ̀ nídìí ìkòkò aró mọ ibi tí àwọ̀ yẹn wà láàárín búlúù àti àlùkò ju ẹni tó kọ́ ọ lórin lọ. Tí ẹ bá kun àwọ̀ wọ̀nyí sára páálí roboto, kí ẹ gún un mọ́ òkòtó kí ẹ ta á, ìwé á ní yóò funfun. Kì í funfun. Àwọ̀ eérú ni, nítorí ọ̀dà máa ń gbé púpọ̀ mì nínú ìmọ́lẹ̀ tó bà lé e. Ẹ sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀.

Ìyára ìmọ́lẹ̀ kò ṣeé wọ̀n ní kíláàsì, ẹ má dán an wò. Ẹ sọ fún wọn pé 300,000 kìlómítà ni láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ẹ kọjá lọ.

Òjìji ni mo máa ń fi sí ìgbẹ̀yìn, nítorí ó ní ọjọ́ tirẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn ń wà lókè orí wa gangan ní Àkúrẹ́ àti Òǹdó, ní nǹkan bí ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin àti ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án. Kì í ṣe aago méjìlá géérégé. Ó máa ń tó aago 12:40, nítorí pé ìwọ̀-oòrùn ibi tí wọ́n ti mú aago wa ni a wà. Láàárín ọjọ́ méjèèjì, òjìji ọ̀sán máa ń kọjú sí gúúsù. Ní ìyókù ọdún, àríwá ló ń kọjú sí. Ẹ ri igi tó jẹ́ mítà kan mọ́lẹ̀ ní pápá, kí ẹ so òkúta mọ́ okùn láti fi mọ̀ bóyá ó dúró ṣánṣán. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí orí òjìji láti aago méjìlá, ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Tí ẹ bá fi ọjọ́ kan ṣáájú tàbí kí ẹ pẹ́ ní ọjọ́ kan, òjìji á ṣẹ́ kù bíi mìlímítà 7. Tó bá ju ìyẹn lọ ní aago 12:40, ẹ padà lọ wo okùn òkúta yín: igi ló wọ́.